Máíkì wo ló bá ilé yín mu? Ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ máa gba ohùn sórí kọ̀ǹpútà nílé ní Àkúrẹ́

Bí ẹnìkan bá bi mí pé máíkì wo ni kí òun rà, ìbéèrè ni èmi náà fi ń dá a lóhùn: níbo lẹ ń gbé? Ẹni tó wà nínú ọgbà tó dákẹ́ ní Ìjàpọ̀, tó ní yàrá kan lẹ́yìn ilé tí ẹnikẹ́ni kì í gbà kọjá, kò yẹ kó ra ohun kan náà pẹ̀lú ẹni tó háyà yàrá méjì nítòsí Ọjà Ọba, tí jẹnẹ́rétọ̀ aládùúgbò wà lábẹ́ fèrèsé rẹ̀. Mo mọ̀ pé owó ṣe pàtàkì. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mò ń ṣe ni pé àwọn èèyàn á gba ohùn sílẹ̀ nílé wọn, ìpolówó ọjà, ìwàásù, ewì, ẹ̀kọ́ àwọn ọmọléèwé, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí mi kí n tún un ṣe kó tó dé rédíò tàbí YouTube. Èyí tí wọ́n fi máíkì olówó pọ́ọ́kú gbà kọ́ ló ń fún mi ní wàhálà jù. Èyí tí wọ́n fi máíkì olówó gọbọi gbà nínú ilé tí kò bá a mu ni.

Nítorí náà, kí ẹ tó lọ sọ́jà, ẹ jókòó síbi tí ẹ fẹ́ máa lò, ẹ pa fáànù, kí ẹ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Kí lẹ gbọ́? Ọ̀kadà, firíìjì nínú kíṣìnnì, jẹnẹ́rétọ̀, ọmọ tó ń sunkún nílé kejì, ìpàdé àdúrà tí wọ́n kọ ẹ̀rọ gbohùngbohùn rẹ̀ síta. Ó ti pẹ́ tí etí yín ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbójú fo àwọn wọ̀nyí. Máíkì ò mọ ìyẹn. Gbogbo ohun tó bá dé iwájú rẹ̀ ló ń kó.

Tí ẹ kò bá lè kó kúrò níbẹ̀, ohun tó kù tó lè gbà yín ni kí ẹnu sún mọ́ máíkì. Bí ẹ bá fi ìlọ́po méjì jìnnà sí i, ohùn yín tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ á fi nǹkan bíi 6 dB (dB ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe ga tó) lọ sílẹ̀. Jẹnẹ́rétọ̀ kò ní bá yín lọ sílẹ̀, torí ibi tó wà tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì wà. Ẹ wá fi ìlọ́po méjì jìnnà sí i lẹ́ẹ̀kan sí i, 6 dB mìíràn tún lọ. Kò sí sọ́fítíwíà tó lè dá a padà fún yín láìmú nǹkan kan lọ lára ohùn.

Dynamic àti condenser

Orúkọ méjèèjì yìí lẹ máa bá lára páálí. Nínú dynamic, awọ fẹ́lẹ́ kan wà tí wọ́n so kọ́ìlì wáyà mọ́. Bí ohùn bá mi awọ náà, kọ́ìlì á máa mì láàárín mágínẹ́ẹ̀tì, iná tíntín á sì jáde. Kò nílò iná láti ibòmíràn. Condenser ní tirẹ̀, awọ fẹ́lẹ́ kan ló dojú kọ irin pẹlẹbẹ kan tí iná wà láàárín wọn. Bí awọ bá ti mì díẹ̀, iná náà á yí padà. Awọ yìí kò ru kọ́ìlì kankan, ó fúyẹ́, ìdí nìyẹn tó fi ń gbọ́ ohun kéékèèké: èémí, ètè tó ń là, ìwé tí ẹ ṣí. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ rí iná gbà. Condenser inú sítúdíò ń gba 48 volt láti inú wáyà rẹ̀ gan-an. Irú rẹ̀ tó kéré, electret, ti ní iná tirẹ̀ lára láti ilé iṣẹ́, ó sì fi ìwọ̀nba iná péré ṣiṣẹ́. Gerhard Sessler àti James West ló ṣe é ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà ní 1962. Kò jọ pé ẹni tó ń ka èyí kò ní irú rẹ̀ nílé, torí irú rẹ̀ ló wà nínú ọ̀pọ̀ íàpíìsì.

Ẹ máa gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń tajà pé dynamic “máa ń pa ariwo”. Kò sóhun tó jọ bẹ́ẹ̀. Bí dynamic àti condenser bá jọ jẹ́ irú tó ń gbọ́ iwájú nìkan, tí ẹ gbé wọn síbi kan náà, tí ẹ jìnnà sí wọn bákan náà, tí ẹ sì gbé ohùn méjèèjì sókè dọ́gba, jẹnẹ́rétọ̀ inú wọn kò ní fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Bí a ṣe ń lò wọ́n ni ìyàtọ̀ ti wá. Etí dynamic le díẹ̀, tipátipá ló fi ń mú yín sún mọ́ ọn, tí ẹ bá sì ti sún mọ́ ọn, ohùn yín á borí. Condenser ń gbọ́ yín láti ibi tí ẹ fẹ̀yìn tì sí, ẹ ò wá ní rí ìdí tí ẹ ó fi sún síwájú.

Mo dán an wò lórí tábìlì mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, nígbà tí jẹnẹ́rétọ̀ kékeré tí gbogbo ayé ń pè ní “I better pass my neighbour” ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ògiri. Samson Q2U ni dynamic, Blue Yeti ni condenser. Mo fi Yeti sórí ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ìwọ̀n apá kan síwájú mi, bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń lò ó. Mo fa Q2U débi tí ìka mẹ́ta lè gbà láàárín òun àti ètè mi. Gbólóhùn kan náà ni mo kà sí méjèèjì. Nínú ti Yeti, ohùn mọ́ gaara, “s” àti “ṣ” dá yàtọ̀ kedere, ṣùgbọ́n bí mo bá ti dúró láti mí báyìí, jẹnẹ́rétọ̀ á gba gbogbo àlàfo náà. Nínú ti Q2U, ohùn ki, ó tilẹ̀ wúwo nísàlẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ nítorí ìsúnmọ́, àmọ́ jẹnẹ́rétọ̀ ti lọ di ti ojúlé kejì. Mo wá fa Yeti náà sún mọ́ ẹnu. Ariwo dínkù lóòótọ́. Atẹ́gùn ẹnu ló wá ń bú gbàmù sínú rẹ̀ ní gbogbo “b” àti “f”. Lóru, nígbà tí àdúgbò ti pa gbogbo tiwọn, ọ̀rọ̀ yí padà. Yeti gba iwájú láìsí àríyànjiyàn, ohùn inú rẹ̀ ṣe é fi síta bó ṣe wà.

Tí ẹ bá ní Yeti nílé, tàbí irú rẹ̀ tó dúró gbọnrangandan lórí ẹsẹ̀, ẹ̀gbẹ́ tí orúkọ rẹ̀ wà lẹ ń sọ̀rọ̀ sí, kì í ṣe orí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ohùn tó ń dé ọ̀dọ̀ mi, orí rẹ̀ ni wọ́n nawọ́ sí ẹnu, ohùn wá jìnnà, ó ṣókùnkùn. Bọ́tìnnì tí ẹ ń yí lẹ́yìn rẹ̀ ní àwòrán mẹ́rin. Èyí tó rí bí ọkàn ni kí ẹ fi sí. Èyí tó rí róbótó ń gbọ́ gbogbo yàrá, títí kan ẹni tó ń fọ abọ́.

| | Dynamic oní-USB | Condenser oní-USB | Máíkì àyà oníwáyà |
|---|---|---|---|
| Ibi tí ẹnu yẹ kó wà | ìka mẹ́ta sí mẹ́rin | ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan sí méjì | ó wà láyà, ìwọ̀n ìbú ọwọ́ kan sí àgbọ̀n |
| Àdúgbò aláriwo | ó dára jù | rárá, àfi lóru | ó ṣe é fara mọ́ |
| Yàrá tó ń dún padà | ó ń gbà á mọ́ra | gbogbo rẹ̀ ló ń fi hàn | ó ń gbọ́ yàrá náà |
| Ohun tó lè bà á jẹ́ | ẹni tí kì í lè jókòó sójú kan | òwúrọ̀ àdúgbò yín | aṣọ, ìlẹ̀kẹ̀, irùngbọ̀n |
| Owó | àárín | ìsàlẹ̀ sí òkè | ó rọjú jù |

Mi ò kọ iye náírà síbẹ̀, torí kí ẹ tó kà á tán owó rẹ̀ lè ti yí padà. Bí wọ́n ṣe wọ́n ju ara wọn lọ ni kì í sábà yí.

Yàrá náà fúnra rẹ̀

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Pálọ̀ tí wọ́n fi táìsì tẹ́ nílẹ̀, tí ògiri rẹ̀ ṣófo, tí POP wà lókè, ló ń ba ohùn jẹ́ jù nínú gbogbo ilé, bó sì ṣe rẹwà tó ni ọ̀pọ̀ fi ń lọ jókòó síbẹ̀. Ohùn yín á lu ògiri, á padà wá bá máíkì, á dà bíi pé inú kànga lẹ ti ń sọ̀rọ̀. Yàrá ibùsùn tó kún fún aṣọ sàn jù ú lọ fíìfíì. Ẹ ṣí wọ́dúróòbù sílẹ̀ lẹ́yìn yín, ẹ ta bùláńkẹ́ẹ̀tì sí ògiri tó wà níwájú, ẹ gbé fóòmù ibùsùn nàró tí ẹ bá ní èyí tó ṣẹ́kù. Máíkì ń gbọ́ ohun tó wà lẹ́yìn yín ju ohun tó wà lẹ́yìn òun fúnra rẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ̀yìn yín ni kí aṣọ pọ̀ sí. Àwọn fóòmù pẹlẹbẹ aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ń tà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ń mú “s” dínkù díẹ̀, wọn kì í mú ohun tó wúwo kúrò. Wọn kì í sì í dí jẹnẹ́rétọ̀ lọ́nà láé.

Òjò ńkọ́? Láti oṣù kẹrin títí wọ oṣù kẹwàá, bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sórí páànù, ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ lọ jẹun. Kò sí máíkì tó kojú ìyẹn.

Máíkì àyà

Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan, ibí ni mo máa ń darí rẹ̀ sí. Boya BY-M1 ló wọ́pọ̀ jù: wáyà rẹ̀ gùn tó mítà 6, electret ni, gbogbo ẹ̀gbẹ́ ló sì ti ń gbọ́. Súwíìṣì kan wà lára àpótí kékeré àárín wáyà rẹ̀: ọ̀kan fún fóònù, èkejì fún kámẹ́rà. Ti kámẹ́rà ló ń lo bátìrì kékeré róbótó LR44. Tí ẹ bá so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù oníhò kan, ti fóònù ni kí ẹ fi sí.

Ìdí tó fi ń ṣe dáadáa ju iye owó rẹ̀ lọ ni pé ibi yòówù tí ẹ bá yíjú sí, àyà yín ò kúrò nídìí rẹ̀. Olùkọ́ tó ń yíjú sí bọ́ọ̀dù, ẹni tó ń ka ìwé tó ń ṣí i sókè sódò, gbogbo wọn ni ohùn wọn á dúró sójú kan. Ohun tó ń bà á jẹ́ kò ju ohun tí a wọ̀ lọ. Léèsì tó ní sítááṣì, agbádá, ìdè ọrùn, gbogbo wọn ló ń ha á.

Màmá kan ní Òkè-Àró tó ń ki oríkì níbi ìgbéyàwó fẹ́ kí a gba tiwọn sílẹ̀ kí àwọn ọmọ wọn tó wà lókè òkun lè máa gbọ́ ọ. Iyùn wọn pé lọ́rùn. Bí wọ́n bá ti mi orí sí orúkọ kan báyìí, iyùn á lu máíkì, kẹ̀kẹ̀kẹ̀. Mo ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè bọ́ iyùn yẹn díẹ̀?” Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. “Ìwọ ọmọ yìí, àwọn tí mo fẹ́ kì yìí, ọrùn òfìfo ni mo fẹ́ fi kì wọ́n?” Ni mo bá ká máíkì náà sókè, mo gbà á gba ẹ̀yìn ọrùn, mo fi kílíìpù rẹ̀ há etí gèlè níwájú orí, bí àwọn eléré orí ìtàgé ṣe ń fi sí ibi tí irun ti bẹ̀rẹ̀. Iyùn ò kàn án mọ́. Ohùn wọn tilẹ̀ mọ́ ju ti àyà lọ, torí àgbọ̀n kò bò ó.

Àwọn kékeré aláìníwáyà tí wọ́n ń kì bọ ìdí fóònù, tí wọ́n kún ìgboro báyìí, ẹ máa ṣọ́ra fún wọn bó bá jẹ́ ohùn nìkan lẹ fẹ́. Ọ̀pọ̀ wọn ń fúnra wọn gé ohun tí wọ́n bá kà sí ariwo, wọ́n sì ń gé e mọ́ ọ̀rọ̀ yín. Bí a bá lè pa iṣẹ́ yẹn lára tiyín, ẹ pa á.

Máíkì tó wà lára láptọ́ọ̀pù: fún ìpàdé Zoom. Fáànù inú kọ̀ǹpútà àti títẹ̀ lẹ́tà ló ń gbọ́ jù. Íàpíìsì oníwáyà tí ẹ fi ń gba ìpè sàn jù ú lọ, tí ẹ bá fi ọwọ́ di ibi máíkì rẹ̀ mú kúrò lára ẹ̀wù. Ti Bluetooth ni kí ẹ má fi gba ohun tó máa lọ sí rédíò. Nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ti ń lo máíkì tó wà lára Bluetooth náà, ó máa ń yí sí bí wọ́n ṣe ń gba ìpè, ohùn á wá rí pẹlẹbẹ bíi ti tẹlifóònù.

USB àbí XLR

USB ni fún ẹni tó dá wà nílé. Ohun tó ń gbé ohùn sókè àti ohun tó ń sọ ọ́ di nọ́ńbà fún kọ̀ǹpútà ti wà nínú máíkì náà, ẹ kàn fẹ́ kì í bọ ihò ni. XLR, wáyà máíkì tí ẹnu rẹ̀ ní irin tíntín mẹ́ta yẹn, nílò àpótí kan láàárín òun àti kọ̀ǹpútà, irú Focusrite Scarlett Solo tàbí Behringer UM2. Owó méjì nìyẹn, ihò sì pọ̀ tó lè bàjẹ́. Èrè rẹ̀ ni pé bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ máíkì lọ́la, àpótí ò ní yí padà, ẹni méjì sì lè sọ̀rọ̀ pọ̀ bí àpótí náà bá ní ihò máíkì méjì. Ẹni tí kò tíì mọ̀ bóyá iṣẹ́ náà á tọ́jọ́, kó má tíì dé ibẹ̀. Samson Q2U àti Audio-Technica ATR2100x-USB ní méjèèjì lára: USB lónìí, XLR nígbà tí owó bá dé. Ìdí kan nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn wọn ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ.

BM-800 ni mo fẹ́ kí ẹ farabalẹ̀ wò. Ó rẹwà, ó ní ìdè aláǹtakùn tó fi ń rọ̀, ó ní fóòmù lórí, owó rẹ̀ kò pọ̀, àwòrán rẹ̀ sì jọ ti sítúdíò. Condenser ni, ẹnu XLR ló ní, ó ń retí 48 volt. Wáyà tí wọ́n sábà ń fi sínú páálí rẹ̀ ń lọ sí ihò máíkì lásán lára kọ̀ǹpútà, volt díẹ̀ péré nìyẹn sì ń fún un. Èèyàn á so ó, á gbọ́ ohùn bíi ti ẹni tó wà lódìkejì òpópónà, á wá gbé ohun gbogbo sókè nínú Windows, àfi ṣáááá. Wọ́n á ní máíkì náà ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́, ebi ń pa á ni. Ẹ fún un ní àpótí tó ní bọ́tìnnì 48V, á sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n owó àpótí àti tirẹ̀ pa pọ̀ lè ra dynamic oní-USB tó dára, nítorí náà ẹni tí kò tíì rà á kò ní ìdí kankan láti rà á.

Tí ẹ bá ti so ó mọ́ kọ̀ǹpútà

Ihò kọ́kọ́. Láptọ́ọ̀pù ìsinsìnyí sábà ní ihò kan ṣoṣo tó ń gba íàpíìsì àti máíkì pọ̀. Ẹnu wáyà tó bá a mu ní òrùka dúdú mẹ́ta. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì ní ihò méjì, aláwọ̀ ewé fún íàpíìsì, aláwọ̀ osùn fún máíkì. Bí ẹ bá ki Boya bọ ihò aláwọ̀ osùn tààrà, ó ṣeé ṣe kí ẹ má gbọ́ nǹkan kan. Adáptà kékeré tó ń pín in sí méjì ló fẹ́, kò wọ́n rárá, ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ẹ̀ṣọ́ fóònù.

Nínú Windows, bí máíkì bá wà níbẹ̀ tí kò dún, ẹ lọ sí Settings, ẹ wá Privacy, lẹ́yìn náà Microphone, kí ẹ rí i pé wọ́n fún àwọn áàpù láyè láti lò ó. Ohun tó ń dá ọ̀pọ̀ dúró kò ju ìyẹn lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Enhancements sí, kí ẹ pa gbogbo rẹ̀. Bí Microphone Boost bá wà lára ihò máíkì yín, +10 dB ẹ lè fara mọ́; +30 dB, ṣáááá ni ẹ fẹ́ gbé sókè yẹn.

Audacity ni mo máa ń ní kí wọ́n fi gbà á. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì ti wà láti 2000. Ẹ yan máíkì yín ní Audio Setup, torí ó lè jẹ́ ti ara láptọ́ọ̀pù ló ń gbọ́ nígbà tí máíkì tuntun yín jókòó lásán. Ẹ fi èékánná ta orí máíkì náà díẹ̀, kí ẹ wo bóyá mítà fò. Mono ni kí ẹ fi sí, ẹnu kan ṣoṣo lẹ ní. Sample rate, iye ìgbà tí kọ̀ǹpútà ń wọn ohùn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 44100 tàbí 48000, èyí tó bá wù yín. Ní 16-bit mono 44100, ìṣẹ́jú kan jẹ́ nǹkan bíi 5.3 MB, wákàtí kan kò sì tó 320 MB, nítorí náà ẹ má torí àyè ibi ìpamọ́ gbà á bí MP3. WAV, irú fáìlì tí kì í fún ohùn pọ̀, ni kí ẹ pa mọ́.

Gíga ohùn: ẹ sọ̀rọ̀ bí ẹ ṣe máa sọ ọ́ gan-an, kì í ṣe “hẹ́lò, hẹ́lò” ti ẹni tó ń dá máíkì ṣọ́ọ̀ṣì wò. Ibi tó bá ga jù, kó máa kan láàárín -12 sí -6 dB. Ẹni tó fẹ́ ki oríkì tàbí sun ìjálá, ibi tí ohùn rẹ̀ ti ń gòkè jù ni kó fi wọ̀n ọ́n, torí ohun tó bá ti lu 0 ti fọ́, kò sí bí mo ṣe lè tò ó padà.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín pé kí ẹ fi sílẹ̀ ni noise gate, ohun tó ń pa ẹnu máíkì dé nígbà tí ohùn bá rẹlẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn ẹlòmíràn. Lẹ́nu wa, gbólóhùn tó bá parí sórí ohùn ìsàlẹ̀, “ọjà”, “ilẹ̀”, “ìyàwó rẹ̀”, máa ń rọ̀ wálẹ̀ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di èémí. Gate á rò pé ẹ ti dákẹ́, á gé e. Mo ti gba ìpolówó kan rí tí a kò gbọ́ ìparí orúkọ ọjà náà nínú gbogbo rẹ̀. Noise Reduction inú Audacity sàn jù: kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ẹ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún kó gbọ́ yàrá náà, ẹ fi ibẹ̀ ṣe Get Noise Profile, lẹ́yìn náà kí ẹ mú gbogbo rẹ̀ kí ẹ dín in kù. Ẹ má jẹ́ kó kọjá 12 dB. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ohùn á máa dún bíi pé ó wà lábẹ́ omi.

Ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp bíi document, kì í ṣe bíi voice note. Voice note ń fún ohùn pọ̀ kó lè kéré. Document ń gbé fáìlì náà dé bó ṣe wà.

Iná

Ohùn “ùùùù” tó wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ yín, tí kò yí padà bí ẹ bá dákẹ́, iná ló sábà ń fà á. Iná ọba wa ń mì ní 50 Hz, ìyẹn ìgbà àádọ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì tún ń yọ sí 100 àti 150. Ẹ yọ ṣájà láptọ́ọ̀pù, kí ẹ gba ohùn lórí bátìrì, kí ẹ tẹ́tí. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, á lọ lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá lọ, ẹ gbé wáyà máíkì kúrò lára wáyà iná, ẹ má sì lo hub tí wọ́n ti so ọ̀pọ̀ nǹkan mọ́. Ihò ara kọ̀ǹpútà gan-an ni kí ẹ lò. Àwọn íńfátà olówó pọ́ọ́kú ń fi ariwo tiwọn kún un, ó sì le láti yọ ju ti iná ọba lọ, torí ó fọ́n káàkiri ohùn. High-Pass Filter inú Audacity, tí ẹ bá fi sí 80 Hz, á gé ohun tó bá wà nísàlẹ̀ pátápátá, títí kan bí tábìlì ṣe ń mì nígbà tí tírélà bá kọjá. Ẹ má gbé e kọjá 100 bí ọkùnrin tí ohùn rẹ̀ wúwo bá ni.

Èyí ló jẹ́ kí n máa sọ pé bátìrì láptọ́ọ̀pù tó dára wà lára ohun èlò ìgbohùn. Ẹni tí bátìrì rẹ̀ kò lè dúró fún wákàtí kan, kó kọ́kọ́ ná owó síbẹ̀ kó tó ra máíkì.

Rírà á ní Àkúrẹ́

Akẹ́kọ̀ọ́ FUTA tó wà ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, tó fẹ́ máa kọ́ àwọn ẹlòmíràn lórí fídíò: Boya oníwáyà, kó lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ẹni tó ń ṣe ìpolówó tàbí ètò rédíò láti àdúgbò tó ń hó: dynamic oní-USB, kò sí ohun tí mo fẹ́ bá a jiyàn lé lórí. Ẹni tó ń ka àlọ́ tàbí ìwé sílẹ̀, tó ní yàrá tó dákẹ́ tàbí tó lè jí lóru: condenser oní-USB, Fifine K669 bí owó bá kéré, Yeti bó bá pọ̀, ṣùgbọ́n K669 kò ní ihò íàpíìsì, ẹ ò ní lè gbọ́ ara yín láti ara rẹ̀ bí ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀. Akọrin tó ní àpótí XLR tẹ́lẹ̀ ló lè máa wo Shure SM58, tó ti wà lọ́jà láti 1966.

SM58 yẹn ni ayédèrú rẹ̀ pọ̀ jù. Ojúlówó rẹ̀ kò ní ihò USB lára, nítorí náà ẹni tó bá fi lé yín lọ́wọ́ pé ó ní USB, ẹ kí i dáadáa kí ẹ máa lọ. Àwọn ìsọ̀ tó wà lójú ọ̀nà Ọba Adésídà ní Boya àti àwọn aláìníwáyà dáadáa. Dynamic oní-USB lè má sí nílẹ̀, wọ́n á ní kí ẹ jẹ́ kí àwọn ránṣẹ́ sí Èkó. Kò burú, ṣùgbọ́n ẹ má san tán.

Ẹ gbé láptọ́ọ̀pù tiyín lọ, kí Audacity ti wà lórí rẹ̀. Ẹ so máíkì mọ́ ọn nínú ìsọ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ariwo ojú títì, ẹ sọ̀rọ̀ sí iwájú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ yí i kí ẹ sọ̀rọ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Tí wọ́n bá ní iwájú nìkan ló ń gbọ́, tí iwájú àti ẹ̀yìn wá dọ́gba, irọ́ ni wọ́n kọ sára páálí. Ẹ mi wáyà níbi tó ti wọnú máíkì, bó bá ń ta pàpà, ẹ gba òmíràn. Ẹ wá gba rìsíìtì, kí ẹ béèrè ọjọ́ mélòó ni wọ́n fi ń gba èyí tó bá bàjẹ́ padà, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n fi bírò kọ ọ́ sínú rẹ̀.